Tíṣà fi bírò pupa ba ìwé ọmọ mi jẹ́ nítorí òwú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dárà: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú tọ́rọ̀ yìí bá gùn, inú ló ń bí mi. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ọmọ mi yìí, látìgbà tó ti dé kíláàsì wọn ni mi ò ti rímú mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní lẹ́tà ọmọ kéré jù, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ó ní kò fi rúlà fàlà, lánàá wàyí ó dá ìwé asáínmẹ́ǹtì padà, gbogbo ẹ̀ pupa yòò. Méje nínú mẹ́wàá! Ọmọ tó jẹ́ pé mẹ́wàá ló máa ń mú, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n pín nǹkan sọ́nà mẹ́ta, ohun líle, ohun olómi àti gáàsì. Òwú, fóòmù àti iyanrìn ni tíṣà ní kò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, òwú le ni? Tí wọ́n bá sọ òwú lu èèyàn, ṣé ó máa dùn ún? Mo fẹ́ lọ bá a lọ́la, ẹ kọ́ mi lóhun tí mo máa sọ tí kò ní rí èsì fọ̀.

Bàbá Ìbejì: Màmá wa, ẹ ò sọ ibi tí ọmọ kọ òwú sí o. Abẹ́ olómi ni àbí gáàsì? Ọmọ ọdún mélòó sì ni?

Màmá Àgbà: Ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan lẹ fi ń bá tíṣà jà. Láyé tiwa ta ló jẹ́ dán an wò. Ẹ jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ìyá Dárà: Ẹ ṣé mà, mi ò jà o, ìbéèrè ni mo bèèrè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ọmọ yẹn fara balẹ̀ kọ ọ́.

Àǹtí Sáyẹ́ǹsì: Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa ló fa wàhálà yìí. "Le" tá a máa ń sọ pé òkúta le, ìyẹn ọ̀tọ̀. "Ohun líle" inú sáyẹ́ǹsì, nǹkan tó dá ìrísí ara ẹ̀ ní ni, àyè tó sì ń gbà kì í yí padà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ mú òwú fẹ́lẹ́ kan láti orí tábìlì, ẹ fi sínú ife, òwú náà ló ṣì jẹ́, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí ife. Omi ní tiẹ̀, ìrísí ife ló máa gbé wọ̀, àmọ́ ife kan ò ní di ife méjì láé. Gáàsì ò ní èyí kò ní ìyẹn, ibi tẹ́ ẹ bá tú u sí ló máa kún. Kí nǹkan rọ̀ ò ní kó má jẹ́ ohun líle. Rọ́bà ń nà, gíláàsì ń fọ́, òwú rọ̀, ìwà kálukú nìyẹn, ohun líle ni gbogbo wọn.

Ọmọ Káfíńtà: Ẹ dúró ná, gíláàsì kì í ṣe ohun líle o. Mo kà á pé fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù nípọn nísàlẹ̀ torí pé ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀.

Àǹtí Sáyẹ́ǹsì: Kò rí bẹ́ẹ̀ bọ̀dá mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì nígbà yẹn ni kì í jẹ́ kó nípọn dọ́gba, òmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ òkè ló ti nípọn. Ohun líle ni.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà: Ẹ wá wo irin lọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ rí ohun líle tó ń di omi. Irin tí wọn ò po nǹkan kan mọ́, tó bá ti gbóná dé 1,538°C ó ń yọ́ nìyẹn. Yìnyín ní tiẹ̀, 0°C ló ti gba fún ooru. Ọ̀gá mi kan rọ omi kún ìgò dẹ́nu, ó dé e pinpin, ó jù ú sí fírísà. Ilẹ̀ mọ́, ìgò ti là! Omi tó bá dì máa ń wú tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà ló jẹ́ kí yìnyín léfòó.

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ta ló bi yín ní ti ìgò 😂 Ìyá Dárà, ibo lọmọ kọ òwú sí?

Ìyá Dárà: Àǹtí, mo gbọ́ ti òwú, ẹ ṣé. Fóòmù wá ńkọ́? Ẹ ní àyè tó ń gbà kì í yí padà, mo sì tẹ fóòmù báyìí, ó fún pọ̀. Iyanrìn náà ń ṣàn, mo dà á láti ife sí ife.

Àǹtí Sáyẹ́ǹsì: Afẹ́fẹ́ inú ihò fóòmù lẹ tẹ̀ jáde, fóòmù fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu ẹ̀, ẹ wá tì í. Ó máa wọlé, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á tún ta padà. Ẹ fa omi sí i kẹ́ ẹ tún tì í, ìka yín ló máa rẹ̀. Ti iyanrìn, ẹ dà á sórí abọ́ pẹrẹsẹ, ó máa ga bí òkìtì, omi ò lè ṣe òkìtì láé. Ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, hóró kọ̀ọ̀kan ní igun àti ìrísí tiẹ̀, òkúta kékeré ni gbogbo wọn, wọ́n kàn ń yí lu ara wọn ni.

Ọmọ Káfíńtà: Kí ló wá le jù nínú gbogbo wọn?

Àǹtí Sáyẹ́ǹsì: Dáyámọ́ńdì. Lọ́dún 1812 Friedrich Mohs, ará Jámánì, to òkúta mẹ́wàá tẹ̀ léra, èyí tó bá lè ha èkejì lára ló le jù ú. Talc ló wà nísàlẹ̀, èékánná lè ha á, dáyámọ́ńdì wà lókè pátápátá. Àmọ́ ẹ fi òòlù lu dáyámọ́ńdì, ó lè fọ́. Ẹ fi lu rọ́bà, òòlù ló máa ta padà.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà: Bẹ́ẹ̀ ni kọ́pà, ẹ lù ú á tẹ́, ẹ fà á á di wáyà, kò ní fọ́. Mo ti ń sọ ọ́.

Màmá Àgbà: Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún.

Bàbá Ìbejì: Ìyá Dárà. Ibo. Lọmọ. Kọ òwú sí.

Ìyá Dárà: Ó dáa, ẹ má pa mí. Ọmọ kọ́kọ́ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ohun líle. Èmi ni mo wò ó lóru, mo ní ṣé kò lójú ni, kí ló le lára òwú, mo ní kó fi rọ́bà pa á rẹ́. Mo ní kó kọ òwú àti fóòmù sí gáàsì torí pé wọ́n fúyẹ́, kó kọ iyanrìn sí olómi. Ó tiẹ̀ bi mí pé màámi, tí òwú bá jẹ́ gáàsì, kí ló dé tí kì í fò kúrò nínú páálí ẹ̀. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́ kó kọ ohun tí mo sọ.

Bàbá Ìbejì: Yéè! Ọmọ ti mú mẹ́wàá, ẹ̀yin lẹ gba mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀!

Màmá Àgbà: Ẹ sì fẹ́ lọ bá tíṣà jà? Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ ọmọ yẹn.

Ìyá Dárà: Mo ti bẹ̀ ẹ́ mà. A ti ṣe ti síríńjì náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi pa mí. Tíṣà yẹn ṣì le jù ṣá. Ṣùgbọ́n Àǹtí Sáyẹ́ǹsì, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ ṣì wà níbí? Ọmọ yìí ń wo àbẹ́là, ó ní iná orí ẹ̀ ńkọ́, abẹ́ èwo ni kí òun kọ ọ́ sí. Mo ní kó má tíì kọ nǹkan kan.