Ọwọ́ ọ̀kadà gbá àbúrò mi níkùn, kò sí egbò

Ìyá Dámi: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ṣubú lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́ yìí, ọwọ́ ọ̀kadà sì gbá a níkùn lápá òsì. Kò sí egbò rárá. Ó ní èjìká òsì ń dun òun. Ṣé kí n fún un lóògùn ìrora kó sùn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má jẹ́ kó sùn sílé o, Ìyá Dámi! Ọsibítù ni, báyìí. Ikùn tí kò légbò lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Èjìká òsì yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn lè mú kí èjìká máa dunni. Ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá pàjáwìrì wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù bí omi àmù, òógùn sì bò ó. Ọkàn rẹ̀ ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. A fi abẹ́rẹ́ omi sí apá méjèèjì, a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n fi scan wo ikùn, ẹ̀jẹ̀ ti kún ibẹ̀.

Bàbá Ọ̀kẹ́: Ẹ mú ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dání.

Ìyá Dámi: A ti wọ mọ́tò. Ẹ ṣeun, mà.