Àdéhùn Mozgov àti Deng: báwo ni Lakers ṣe bọ́ nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún 2016, Lakers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ti Los Angeles ní Amẹ́ríkà, fún Timofey Mozgov ní àdéhùn ọdún mẹ́rin tó tó mílíọ̀nù 64 dọ́là, wọ́n sì fún Luol Deng ní mílíọ̀nù 72, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi di ẹni tí ń jókòó wòran. Báwo ni ẹgbẹ́ náà ṣe ja ara rẹ̀ gbà?

Èsì 1: Wọ́n fi D'Angelo Russell, ọ̀dọ́ tí wọ́n mú ní ipò kejì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 2015, ṣe ènì lé Mozgov lórí kí Brooklyn Nets tó gbà á ní ọdún 2017. Brook Lopez, tí àdéhùn tirẹ̀ ku ọdún kan péré, ni wọ́n gbà, pẹ̀lú ipò tí wọ́n fi mú Kyle Kuzma. Ènì yẹn mà wọ́n o!

Èsì 2: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní ti Deng, wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lẹ́yìn tí òun náà ti yọ̀ǹda díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Òfin NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n pín owó tó kù sí ọdún púpọ̀: kí wọ́n sọ iye ọdún tó kù di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì fi ẹyọ kan lé e. Bí owó ọdún tó kẹ́yìn nínú àdéhùn rẹ̀ ṣe di ti ọdún mẹ́ta nìyẹn, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 fi ń wà nínú ìwé owó oṣù wọn lọ́dọọdún títí di 2022, nígbà tí Deng ti fẹ̀yìn tì.