Ẹ gbà mí o, iṣẹ́ báńkì yìí fẹ́ gbẹ̀mí mi

Olùbéèrè: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bọ̀dá mi. Owó ni mò ń gbà tí mò ń san nídìí káńtà ní báńkì kan ní Òkè-Ìlewò, l'Abẹ́òkúta, ọdún kẹrin rèé. Aago mẹ́rin la ń ti ilẹ̀kùn, àmọ́ bí owó kò bá bára mu, a lè wà níbẹ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́. Lánàá, ₦15,000 dín nínú owó mi. Mo kà á, mo tún un kà, n kò rí i. Ọ̀gá ní owó oṣù mi ni òun á ti yọ ọ́. Tágẹ́ẹ̀tì tún ń bẹ níbẹ̀ o, kí n máa bẹ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Kútọ̀ kí wọ́n wá ṣí àkáǹtì. Ọ̀kan bi mí bóyá èmi ni mo jẹ owó tí wọ́n yọ lórí tirẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, èmi náà ni wọ́n á bú. Bàtà dúdú tó di dandan fún wa kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo wọ sálúbàtà, ọ̀gá ní n kò bójú mu. Orí ń fọ́ mi tọ̀sán-tòru. Báwo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń rọ́jú? Àbí kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Àdátán: Má fi sílẹ̀ o! Ọmọ mi ti jáde yunifásítì láti ọdún mẹ́ta, ọ̀kadà ló ń gùn.

Bọ̀dá Àṣerò: Ìyá, ẹ̀mí là ń fi ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe báńkì. Nígbà tí owó wọ́n ní Oṣù Kejì 2023, àwọn èèyàn ń sọ òkò lù wá, fẹ́ǹsì ẹ̀yìn la fò jáde. Ohun tó yọ mí ni pé èmi àti ẹnìkejì mi ní àdéhùn: bí oníbàárà bá ti gbé ìbínú dé, òun á gba ìdí káńtà díẹ̀, èmi á lọ mumi. N kì í sì í fi ìsinmi ọdọọdún mi sílẹ̀. Ní ti ₦15,000 yẹn, òfin iṣẹ́ kò gbà kí ọ̀gá ṣàdédé yọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Kọ lẹ́tà.

Olùbéèrè: Lẹ́tà kẹ̀? Kọ́ńtírákì ni mo wà, sà. Ẹni tó kọ lẹ́tà kẹ́yìn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Alájọ Ìtòkú: Ẹ̀yin báńkì náà kì í yá mọ́ èèyàn. Wákàtí mẹ́ta ni mo dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bọ̀dá Àṣerò: Alájọ, ṣé ohun tó bi wá nìyẹn?

Ọmọ Gbágùúrá: Lọ sí Aró, bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, oorun rẹ̀ padà.

Olùbéèrè: Orí mi kò dàrú o! Ẹ má fi wèrè lọ̀ mí.

Ọmọ Gbágùúrá: Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹni tí ìrònú kò jẹ́ kó sùn náà ń lọ.

Ìyá Ìbejì Àdátán: Àdúrà ni kó gbà. Kó di iṣẹ́ rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì Ọbántókò: Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ wú, orí ń fọ́. Ẹ má bínú o, ṣé ẹ lóyún ni?

Olùbéèrè: Kí ló kan oyún nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi? Ó ti wọ oṣù keje. N kò tíì sọ níbi iṣẹ́, aṣọ ńlá ni mò ń wọ̀, torí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún kọ́ńtírákì wa ṣe. N kò ráyè lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Onílé oògùn àdúgbò wa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò lọ́jọ́ Àìkú, ó ní 160/110, kí n sinmi.

Nọ́ọ̀sì Ọbántókò: 160/110! Ẹ dìde nísinsìnyí. Ṣé ojú ń ṣú yín? Ṣé inú ń run yín lápá òkè? Ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí nínú oyún lè di gìrì lójijì, ó sì lè mú ìyá àti ọmọ lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀, FMC Ìdí-Àbà, ẹ̀ka pàjáwìrì. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?

Olùbéèrè: Ojú ń ṣe mí bàìbàì láti àárọ̀. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni. Ọkọ mi wà ní Ṣàgámù.

Ìyá Ìbejì Àdátán: Ọmọ mi, dárí jì mí. Kọ ibi tí o wà sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo ń gbé takisí bọ̀.

Olùbéèrè: A ti dé Ìdí-Àbà. 170/110. Wọ́n ti fún mi ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mi ṣì wà nínú báàgì mi o. Ta ló máa bá mi mú un lọ sí Òkè-Ìlewò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀?