Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, àmọ́ ewé ixora mi ń pọ́n lẹ́bàá fẹ́ǹsì

ÌyáMoyọ̀:
Ẹ kú òjò o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Inú oṣù kejìlá la kó wọ ilé wa níbí lápá Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo, mo sì ní kí bíríkìlà bá mi to búlọ́ọ̀kù ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì pé ibẹ̀ ni màá máa gbin fúláwà sí, gígùn ẹ̀ á tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn fúláwà. Tannápoṣó ni ìyá mi máa ń gbìn síwájú ilé, tó bá ti dìrọ̀lẹ́ tó ṣí tí òórùn ẹ̀ gba gbogbo ojúde, àwa ọmọ á ti mọ̀ pé ó ti yá ká gbé omi ọkà kaná. Mọ́mì ń bọ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Iléyá, mo sì fẹ́ kí wọ́n bá òdòdó níbẹ̀.

Bí òjò ṣe kọ́kọ́ rọ̀ lóṣù kẹta báyìí mo sáré ra ixora mẹ́fà létí títì, mo ra hóró marigold, mo ní kí wọ́n gbé ìgbẹ́ adìyẹ bárò méjì wá fún mi, ó ṣì ń gbóná nígbà tí wọ́n dà á sílẹ̀, a pò ó mọ́lẹ̀, a gbin nǹkan lọ́jọ́ kejì. Marigold hù lóòótọ́, kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, àmọ́ etí ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ìgbà tí èèyàn fi iná rà á, ó kú tán. Ixora ò kú ní tiẹ̀, ewé tuntun tó ń yọ ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Ẹnì kan ní kí n da eérú sí i, mo dà á lẹ́ẹ̀mejì, ńṣe ló tún ń le sí i. Mo ti náwó, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

BàbáOlóko_Ìlobù:
Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi. Má da eérú sí i mọ́ láti òní lọ. Mú ọkọ́, gbẹ́ ìdí ixora kan, kó o wá sọ ohun tó o rí fún mi. Ẹ̀bá fẹ́ǹsì ilé tuntun, mo ti fura.

ÌyáMoyọ̀:
Ẹ ṣé sà. Mo ti gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ pupa díẹ̀ ló wà lókè, kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, lẹ́yìn ìyẹn ọkọ́ kan nǹkan kọ̀ọ́. Odidi àpò símẹ́ǹtì tó ti gan di òkúta, bébà ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, pílásítà funfun, ọ̀rá piọ́ wọ́tà, ìṣó. Gbòǹgbò ixora yẹn ò wọlẹ̀ rárá, ó kàn yí ara ẹ̀ po bí òṣùká sórí símẹ́ǹtì náà. Omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Bíríkìlà yẹn kàn fi ilẹ̀ bo pàǹtí iṣẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

BàbáOlóko_Ìlobù:
Ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni ixora fẹ́. Símẹ́ǹtì máa ń pa kíkan ilẹ̀, eérú náà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí eérú fi tún dá kún un. Irin wà nínú ilẹ̀ wa níbí dáadáa, òun ló mú un pupa, àmọ́ tí símẹ́ǹtì bá ti wà nídìí ẹ̀, gbòǹgbò ò ní rí irin yẹn fà mu, irin yìí sì ni ewé nílò kó tó lè tutù. Ewé tuntun ló kọ́kọ́ máa ń hàn lára ẹ̀, bó o ṣe rí i yẹn. Ká ní ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n ni, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Hú ixora mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nírọ̀lẹ́, má ṣe é lọ́sàn-án, kó wọn sínú ọ̀rá dúdú tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti lu, gbé wọn síbi tí òjìji wà. Pe ẹni tó lágbára kó bá ẹ gbẹ́ gbogbo ibẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kẹ́ ẹ kó pàǹtí símẹ́ǹtì yẹn dànù, má sọ pé èyí kéré. Ilẹ̀dú ni kó o fi dí i, bárò mẹ́ta ilẹ̀ sí bárò kan ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà. Rà á, tàbí kó o bẹ olóko kan kó jẹ́ kó o kó lábẹ́ igi kòkó ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ gbẹ́ ilẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun o, UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé látọdún 2005.

Ìgbẹ́ adìyẹ lágbára ju ti màlúù lọ, àmọ́ ó gbóná, òun ló jó marigold ẹ. Kó o kó o jọ, bò ó, máa yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tó bá ṣì ń rùn ṣì lè jó nǹkan.

Àdùnní_Fúláwà:
Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Àǹtí, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má dá ixora padà sídìí ògiri rárá. Ọdọọdún ni òjò á máa fọ símẹ́ǹtì lára fẹ́ǹsì sọ̀ sínú ilẹ̀ yẹn. Ẹ gbé ixora wá sétí ìta. Bougainvillea ni kẹ́ ẹ fi sẹ́bàá ògiri, oòrùn ni oúnjẹ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá bomi rin ín jù ewé lásán ló máa yọ. Ibi tí omi bá ń dúró sí, ẹ gbin ìdò, èyí tí wọ́n ń pè ní canna, kò nílò owó, ẹ bẹ aládùúgbò kó bù fún yín nídìí tiẹ̀ tó lójú. Hibiscus náà, ẹ gé ẹ̀ka tó tó pẹ́ńsù, gígùn bíi rúlà kékeré, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ ki ojú méjì bọlẹ̀.

Ohun tẹ́ ò bèèrè ni ìgbín. Mo gbin marigold bí ọgbọ̀n lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ mọ́, kùkùté ni mo bá. Mo ti ń bá àwọn tó lewúrẹ́ jà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò mo tan tọ́ọ̀ṣì jáde, ìgbín kéékèèké ló kún ibẹ̀, ọ̀kan gun orí ewé kan títí ewé náà fi tẹ̀ kanlẹ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń họ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ṣà wọ́n lálaalẹ́. Ẹ má da iyọ̀ sí i o, iyọ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́.

Délé_ÒkèFìà:
Ẹ má tíì gbin hóró míì báyìí mà. Àkọ́rọ̀ lásán lèyí, ó lè dá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí oòrùn sì pa gbogbo ẹ̀. Ẹ dúró di ìparí oṣù kẹrin, kẹ́ ẹ lo àsìkò yìí fi gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí wọn, àmọ́ kó má kan igi ẹ̀.

BàbáOlóko_Ìlobù:
Àdùnní, o ṣeun, mo gbà pẹ̀lú ẹ lórí ti ògiri. Àmọ́ bougainvillea lẹ́gùn-ún, ọmọdé sì wà nílé yẹn, ìkángun fẹ́ǹsì ni kó o fi sí, ìyá Moyọ̀, kó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣeré.

ÌyáMoyọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa bá yín gbé e. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbẹ́ ẹ. Mo sì pe Mọ́mì láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn ṣì ní hóró tannápoṣó nínú agolo mílíìkì, dúdú, ó hunjọ bí iyèré, ti ìdí ilé àtijọ́ yẹn gan-an ni. Wọ́n ń fi í rán ẹnì kan sí mi. Báwo ló ṣe yẹ kó jìn tó nínú ilẹ̀ sà?

BàbáOlóko_Ìlobù:
Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó o rì í bí ìdajì ínṣì, fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ jìnnà síra wọn torí ó máa ń fẹ̀. Á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tó o bá gbìn ín níparí oṣù kẹrin á ti tanná kí oṣù keje tó parí. Hóró ẹ̀ àti gbòǹgbò ẹ̀ lóró, má jẹ́ kí Moyọ̀ fi sẹ́nu. Tọ́jú díẹ̀ sínú agolo yẹn, má gbin gbogbo ẹ̀ tán.