Ìdáhùn: Ta ló ní «ayédèrú fáwẹ̀lì» ló wà nínú Krk?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi ẹ̀kọ́ ìpè èdè Kroatíà ránṣẹ́ lánàá fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti pe r inú Krk, trg àti prst ní «ayédèrú fáwẹ̀lì», ara mi ò gbà á. Ayédèrú kẹ̀? Kí ni lẹ́tà ọlọ́lẹ́tà jí?

Ta ló sọ pé sílébù ò lè wà láìsí fáwẹ̀lì? Ẹ pe «ńlá». Ẹ pe «òroǹbó». Ṣebí n ibẹ̀ dá dúró, ó sì gba ohùn tirẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù la ti ń pè é láti ilé-ìwé. Iṣẹ́ kan náà ni r ń ṣe nínú Krk, orúkọ erékùṣù kan nínú Òkun Adriatic, sílébù kan péré. R aṣesílébù ni. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Bàbá olùkọ́ tó kọ́ wa ní fonẹ́tíìkì, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, á ní: «Ṣé ẹ ti wá a nínú ilé kí ẹ tó máa rọ tuntun?»

Ẹnìkan tún dábàá «r onísílébù». Rárá o. Akọ̀wé àti oníwèé, ṣé ọ̀kan náà ni? Oní- ń sọ ẹni tó ni nǹkan. A- ń sọ ẹni tó ń ṣe é. R yìí ò ni sílébù kankan, ó ń ṣe sílébù ni. Mo ti ń fi èdè yìí kọ́ni kí ọ̀pọ̀ yín tó ní í-meèlì, ẹ má fi oní- dà mí láàmú.

Orúkọ tí kò tọ́ yìí ló sì ń ba akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ Yorùbá pé fáwẹ̀lì wà níbẹ̀, kíá ló máa pe «Kírìkì». Ẹ ní kó gbé ahọ́n sún mọ́ èrìgì, kó jẹ́ kó gbọ̀n láàárín k méjèèjì, kó má sì fi í kankan há a.

Ẹ tún ní kí wọ́n máa pe č àti ć bíi ṣ. Š nìkan ni ṣ wa. Tiwọn gbé àmì sórí, tiwa gbé e sísàlẹ̀. (Ọ̀dọ̀ àwọn Czech ni Ljudevit Gaj, onímọ̀ èdè Kroatíà kan, ti mú àmì orí yẹn wá ní àwọn ọdún 1830.) Àsésí ni č àti ć, ìró tí a kọ́kọ́ sé èémí pa kí a tó rọra fún un jáde, ìbátan j inú «jà», àmọ́ àìkùnyùn ni wọ́n, tán-án-ná ọ̀fun kì í gbọ̀n bí a bá ń pè wọ́n. Ć ló sún mọ́ àjà ẹnu jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má kú sórí ìyàtọ̀ náà ṣá, ọ̀pọ̀ ará Zagreb, olú-ìlú wọn, gan-an kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ć kì í ṣe k o! Nígbà tí wọ́n nà wá 2–0 nínú bọ́ọ̀lù Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Kaliningrad ní 2018, «Módíríkì» ni mo ń gbọ́ lórí rédíò. Modrić ni agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́, ẹ jọ̀ọ́. J tiwọn sì ni y tiwa: jaje, ẹyin adìẹ, «yaye» ni.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ẹ ní èdè náà ò ní ohùn. Èdè àjùmọ̀lò wọn ní ohùn tó ń yọ̀ rodò àti èyí tó ń yọ̀ ròkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè kúrú tàbí kó gùn. Wọn kì í fi àmì sí i nínú ìwé ìròyìn ni, bíi tiwa. Grad tó kúrú, yìnyín ni. Èyí tó gùn, ìlú ni. Ẹni tó bá pè é kúrú ti fi yìnyín kọ́lé.

Ẹni tó ní ká máa kọ «Kòróṣíà», ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti gbọ́ ìyẹn. Bó bá jẹ́ ti onílé lẹ fẹ́ tẹ̀ lé, Hrvatska ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn. Ẹ kọ́kọ́ pe ìyẹn ná.