Bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ti tú o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ríìmù ẹ̀yìn lápá òsì ọkọ̀ mi ọdún 2001 tí mo ní ó ń gbóná janjan, mo sì bi yín ohun tó fà á. Kálípà tí ẹ sọ náà ni lóòótọ́, ìyẹn ẹ̀yà bíréèkì tó ń di díìsì tó ń bá táyà yí mú kí ọkọ̀ lè dúró. Mo rò pé písítìnì, irin inú kálípà tó ń ti páàdì bíréèkì mọ́ díìsì, ló há, àṣé písítìnì ò ṣe nǹkan kan. Irin méjì tí kálípà ń yọ̀ lórí wọn ni ìṣòro wà: tìsàlẹ̀ ń lọ geere, tòkè ti dógùn-ún, òòlù ni mo fi lù ú jáde. Mo fi sáńpépà ha á títí ó fi dán, mo kun gíríìsì bíréèkì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí háńdíbíréèkì bá wà lára kálípà yín, ẹ má kàn ti písítìnì wọlé tipátipá o. Ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń tì í.

Lánàá mo wà á dé Ọ̀yọ́ láti Ìbàdàn. Mo fọwọ́ kan ríìmù ẹ̀yìn méjèèjì, ooru wọn dọ́gba. Inú mi dùn gan-an ni. Ẹ ṣé o.