Gáàsì inú pàǹtí: ṣé lóòótọ́ ló ń dín ooru ayé kù?

Olófìn-íntótó: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní ká máa fi ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí ilé ìdáná ṣe gáàsì, pé ìyẹn á dín gáàsì tó ń mú ayé gbóná kù. Àmọ́ táa bá finá sí i, ṣebí carbon dioxide náà ló máa jáde? Kí wá ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí epo rọ̀bì?

Bàbá_Táǹkì: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń di carbon dioxide tó bá jóná, èyí tó wà nínú koríko tí ẹran jẹ, inú afẹ́fẹ́ ni koríko ti fà á, kò tíì pẹ́ rárá, ibi tó ti wá náà ló padà sí. Ti epo rọ̀bì, ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún kó tó di pé àwa lọ fà á síta. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló ká mi lára. Ìgbẹ́ tí wọ́n kó jọ sínú kòtò tí afẹ́fẹ́ ò dé, bóo fẹ́ bóo kọ̀ á jẹrà, methane, gáàsì tó ń jóná táa ń sọ yìí gan-an, lá sì máa tú jáde, èyí tó fi nǹkan bí ìlọ́po 28 lágbára ju carbon dioxide lọ láti mú ayé gbóná láàárín 100 ọdún, tó bá wá jẹ́ 20 ọdún péré lo fẹ́ wò, ó lé ní ìlọ́po 80. Tóo bá gbá a mú sínú táǹkì tóo dé pa, níbi tí àwọn kòkòrò tíntìntín ti ń jẹ ìgbẹ́ náà, tóo wá sun gáàsì ọ̀hún, carbon dioxide àti omi ló kù. Èrè ńlá ibẹ̀ nìyẹn.

Èédú_Dúdú: Ẹ rọra o Bàbá. Tí páìpù bá ń jò ńkọ́? Methane tẹ́ẹ ní ẹ ń sá fún lẹ tún ń tú sáfẹ́fẹ́ yẹn, èrè ti wọmi. Àti pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń wọ táǹkì, igi àti ìyẹ̀fun pákó, àwọn kòkòrò inú ẹ̀ ò rí i jẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ẹ sun ún tààrà, àbí kẹ́ẹ fi ooru sè é níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀, gáàsì á jáde, èédú á ṣẹ́ kù. Èédú yẹn tẹ́ẹ bá rò ó mọ́lẹ̀ oko, ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Àwọn tó wá ń gé igbó tútù lulẹ̀ tí wọ́n ń pè é ní pàǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn jàre, igi ńlá kì í hù padà lọ́dún kan.

Olófìn-íntótó: Ẹ ṣé gan-an ni. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ń jò?

Bàbá_Táǹkì: Èédú_Dúdú sọ òótọ́ lórí jíjò yẹn. Po ọṣẹ mómi, fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á yíká gbogbo oríkèé páìpù, ibi tó bá ń ru fòò ló ń jò. Má dán an wò láé pé o fẹ́ ṣáná sí i o! Tóo bá sì ń gbóòórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, pa gbogbo iná ìdáná tó ń jó, ṣí fèrèsé, kóo jáde ná.